Omijé Tí Mo Wá fún Kámẹ́rà

Ìró obì ló ń jí wa nílé Ìyá Àgbà ní Ṣàgámù. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, Ìyá Àgbà á tú ẹnu àpò kan sórí tapólì tó wà láàárín àgbàlá, obì á sì ya sílẹ̀ wàràwàrà bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí páànù. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ á jókòó yí i ká, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré bó èèpo tó ti rọ̀ lára obì, wọ́n á sì máa ṣà á bí wọ́n ṣe ń bó o: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lọ́tọ̀. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí dídán tan òun. "Èyí tó bá ń dán jù," á ní, "ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò." Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n gbá èèpo obì jọ, kí n fọ abọ́ àná, kí n pọn omi kún ìkòkò Ìyá Àgbà, kí n tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Bàbá mi kì í sábà sí nílé. Òun ló ń wa ọkọ̀ obì lọ sí òkè Ọya. Tó bá dé lónìí, á tún ti lọ ní ọ̀túnla. Nítorí náà ilé obìnrin ni ilé wa: Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti àwọn tó ń wá bó obì. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń gbé pẹ̀lú wa ni Bọ̀dá Mùfú, àbúrò bàbá mi, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọ. Àwọn ayálégbé ló wà nínú yàrá tó kù nínú àgbo ilé, àwọn ọmọ wọn la sì jọ máa ń ṣeré.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, iṣẹ́ fíìmù ni mo sì ń ṣe jẹun. Èmi kọ́ ni mo ń di kámẹ́rà mú, n kì í sì í ṣe òṣèré. Olóòtú ni mí, ẹni tó ń wá ènìyàn, tó ń wá ilé, tó ń wá aṣọ, tó ń wá oúnjẹ, tó ń rí i pé ohunkóhun tí fíìmù bá nílò ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó kúrò níbi tí a fẹ́ kó wà. Nígbà míì àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé inú àgbàlá wa ni, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní orí mi mà dára o. Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni mi ò tíì lè sọ, nítorí pé ojú ń tì mí títí di òní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bọ̀dá Mùfú gbé kámẹ́rà náà wọlé, ó fi tówẹ̀lì wé e bí ìkókó. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti sọ fún un pé: "Mùfú, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwọn tó ń jó. Fi kámẹ́rà yìí ya ìtàn kékeré kan fún mi, kó ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì ní òpin. Tí mo bá dé tí mo wò ó tó dùn, mo fún ọ lómìnira. Tí kò bá dùn, o ó tún bá mi ṣe ọdún kan sí i." Bọ̀dá Mùfú ti ní àfẹ́sọ́nà ní Iperu nígbà náà, àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà sì ti ń béèrè pé ìgbà wo ni yóò dá dúró. Ìyá Àgbà wo ẹrù tó wé sínú tówẹ̀lì, ó ní, "Ṣé ojú kan yìí ni yóò fún ọ níyàwó?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú Bọ̀dá Mùfú, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún un.

Èmi ni mo máa ń jókòó tì í tó bá ń yẹ kámẹ́rà náà wò, nítorí náà èmi ni ó kọ́ ní lílò rẹ̀. Ó kọ́ mi pé kí n máa mú èémí dúró tí mo bá gbé e lọ́wọ́. Ó kọ́ mi pé kí oòrùn wà lẹ́yìn mi, kó má wà lẹ́yìn ẹni tí mò ń yà, àfi tí mo bá fẹ́ kó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní kí n má máa fi kámẹ́rà lé ènìyàn kiri bí ẹni ń lé adìẹ; kí n gbé e dúró síbì kan, kí ènìyàn wọlé síwájú rẹ̀, kó sì jáde. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. "Sìdí, wò ó," ó ní. "Àwọn tó lówó, kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń wò ó lókèèrè, ọ̀kan ń wo ojú, ọ̀kan ń wo ọwọ́. Ojú kan ṣoṣo ni àwa ní. Tí a bá fẹ́ kó dà bí ojú mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni náà yóò ṣe ohun kan náà fún wa. Èmi á wá fi ẹ̀rọ fídíò tó wà ní pálọ̀ ṣà wọ́n jọ sórí kásẹ́ẹ̀tì míì, á dà bíi pé ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe é." Ó fi ìka lé mi láyà. "Èmi ni olùdarí. Ìwọ ni olóòtú. Ohunkóhun tí kámẹ́rà bá ń fẹ́, ìwọ ni o máa wá a." Kò sí ẹni tó tíì fún mi ní oyè kankan rí nínú ilé yẹn. Mo sùn mọ́jú pẹ̀lú oyè náà lórí mi bí adé.

Ìtàn tó kọ kò gùn. Obìnrin kan tó ń ta ewé ní ọmọbìnrin kan, Dúpẹ́. Ọmọ náà gbé báàgì, ó lọ sí ìlú ńlá láìdágbére. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lẹ́tà dé pé Dúpẹ́ ti kú. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sunkún. Ó parí. Èmi náà ni mo ṣe Dúpẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé báàgì kọjá lọ. Ìyá mi gbà láti ka lẹ́tà náà. Ẹni tí yóò ṣe ìyá ló kù, Bọ̀dá Mùfú kò sì wò jìnnà. Ó ní, "Olóòtú, lọ bẹ Ìyá Eléwé."

Ìyá Eléwé kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú àgbàlá wa ju èmi lọ. Òun ló ń já ewé gbòdògì nínú igbó lọ́nà Simawa, ó sì ń dì í wá lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ewé yẹn ni a fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà, á bá wọn bó obì títí oòrùn á fi mú. Obìnrin gígùn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi bí ọwọ́ ọkùnrin. Èmi ni ó fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọ ilé. Tí mo bá ń tẹ́ ewé fún un, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gíga mi sí èjìká rẹ̀, á ní, "O ti ga sí i," bíi pé ohun ayọ̀ ńlá ni.

Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, èmi àti òun nìkan wà lẹ́yìn ilé, à ń yọ ewé tó ti ya. Mo ti ń rò ó tipẹ́, mo sì bi í léèrè: "Ìyá Eléwé, kí ló dé tí wọn kì í fi orúkọ ọmọ pè yín? Gbogbo èèyàn ni ìyá lágbájá, ẹ̀yin nìkan ni ìyá ewé." Kò bínú. Ó yọ ewé mélòó kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ní: "Mo bí ọ̀kan. Àbẹ̀ní ni mo ń pè é. Ibà ló mú un nígbà òjò. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí mọ́tò, mo pọ̀n ọ́n, mo ń sáré lọ sí ọsibítù. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, mo ní, 'Àbẹ̀ní, a ti fẹ́ẹ̀ dé.' Ó dákẹ́. Mo rò pé oorun ló ń sùn." Ó ka ewé mẹ́wàá, ó dì wọ́n. "Ṣé o rí i, èmi nìkan ló kù tó ń pe orúkọ yẹn. Inú igbó ni mo ti ń pè é, tí mo bá ń já ewé. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Mi ò ní sọ ọ́, mà." Mo sì pa á mọ́. Kódà mi ò sọ fún ìyá mi. Inú mi dùn pé mo ní àṣírí àgbàlagbà lọ́wọ́.

Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe fíìmù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ẹnu. "Èmi? Kí ni mo mọ̀ nínú fíìmù?" Mo ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, kó ṣáà jókòó kó máa ta ewé rẹ̀. Mi ò sọ fún un pé ọmọ inú ìtàn náà yóò kú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Mo kàn ń rò ó pé tí mo bá sọ, kò ní gbà, olóòtú tí kò rí òṣèré sì ti já Bọ̀dá Mùfú kulẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni a ya á. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sá kiri. Mo ti bẹ ìyá mi kó se ìkókóré fún àwọn òṣèré, ó sì wò mí lókè nísàlẹ̀, ó ní, "Ṣé fíìmù ló fẹ́ jẹ ìkókóré ni, àbí ìwọ?" ṣùgbọ́n ó ti rin ewùrà, ó ti wá ẹja gbígbẹ sílẹ̀. Mo lé àwọn ọmọ àgbo ilé sẹ́yìn ògiri. Mo so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bẹ àwọn abóbì kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Gbogbo nǹkan tí a yà láàárọ̀ lọ dáadáa. Ìyá Eléwé ń ta ewé bó ṣe máa ń tà á, kò wo kámẹ́rà rárá, ó dà bíi pé ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti dáyé. Bọ̀dá Mùfú ń mi orí, ó ń sọ fún mi ní jẹ́jẹ́ pé, "Èyí tó o mú wá yìí, ó dára." Orí mi wú.

Ọ̀sán ni a dé ibi lẹ́tà. Ìyá mi kà á pé Dúpẹ́ ti kú. Mo rí i tí ojú Ìyá Eléwé yí díẹ̀, ó wo èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó wo ilẹ̀. Bọ̀dá Mùfú ní, "Ẹ sunkún, mà." Kò sunkún. Ó ní, "Mùfú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sun irú ẹkún yẹn." Wọ́n tún un ṣe. Ó bo ojú, ó ń mi èjìká, àwọn abóbì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe. Ìyá mi ní kí wọ́n fi omi kán an lójú. Bọ̀dá Mùfú fi omi kán an, ó wo inú kámẹ́rà, ó ní ó dà bí òógùn. Oòrùn ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà, bátìrì kan ṣoṣo tó kù ti ń tán lọ, ọjọ́ kejì ni ọ̀gá rẹ̀ sì ń bọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Omijé nìkan ló kù tí kámẹ́rà ń fẹ́."

Mo ní, "Ẹ tan kámẹ́rà, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀." Mo rìn lọ bá Ìyá Eléwé níbi tó jókòó sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹnu mi sí etí rẹ̀. Mo sọ pé: "Ẹ rántí Àbẹ̀ní."

Ó yí ojú sí mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo rò pé kò tó, mo sì fi kún un: "Ẹ rántí pé ẹ rò pé oorun ló ń sùn." Mo sáré kúrò níwájú kámẹ́rà. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ń pè é: "Àbẹ̀ní o! Àbẹ̀ní, o ò dáhùn!" Àwọn abóbì sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyá mi ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, Bọ̀dá Mùfú sì na ọwọ́ sí i pé kó má mira. Ìyá Àgbà ti lọ sọ́jà láti àárọ̀, kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó mọ̀ pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n rò pé ó gbàgbé pé Dúpẹ́ la pe ọmọ náà ni. Nígbà tó dákẹ́, Bọ̀dá Mùfú ní, "Ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé gan-an. Àbẹ̀ní yẹn dùn ju Dúpẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ku ti ojú." Ó gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ṣáà ti kọ́ mi. Mo tún lọ. Mo sọ sí i létí pé, "Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ." Ó sun ún. Ó ku ti ọwọ́. Bí mo ṣe ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dáàbò bo etí rẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí ọwọ́ yẹn. Mi ò lè parọ́ pé mi ò rí i. Mo ṣì bẹ̀rẹ̀, mo ṣì sọ pé, "Ẹ rántí òjò." Kò pariwo mọ́. Ó kàn ń kérora nísàlẹ̀ ọ̀fun, ọwọ́ ńlá méjèèjì ń fún ewé mọ́ra títí ewé fi ya. Bọ̀dá Mùfú ní ó pé.

"Ṣé ó ti tó?" Ìyá Eléwé béèrè.

"Ó ti tó, mà. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó tú gèlè, ó fi nu ojú, ó tún un wé. Mo gbé ìkókóré fún un, ó ní òun á gbé e lọ sílé. Nígbà tó lọ tán, mo bá abọ́ náà lórí àtẹ̀gùn, ó ṣì kún bí mo ṣe bù ú. Mo jẹ ẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo sì jẹ oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé ebi ń pa mí, mo sì ti ṣiṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Bọ̀dá Mùfú ṣà á jọ. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lọ́nà, ó di ọjọ́rú kí òun tó dé. Bọ̀dá Mùfú ní kí àwọn ará ilé kọ́kọ́ wò ó. Pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Eléwé nìkan ni kò wá; a rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó dé ibi ẹkún, àwọn ayálégbé ń nu ojú, obìnrin kan ń pariwo pé, "Ẹ wo omijé gidi!" Èmi ń wo àwọn tó ń wò ó, orí mi ń wú. Ìyá Àgbà nìkan ni mo rí tó dìde. Ó gba àárín wa kọjá, ó lọ jókòó sí àgbàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ àgbo ilé ti sọ ẹkún náà di eré. Mo ń fọ abọ́, wọ́n wà nídìí ògiri, ọ̀kan sùn sílẹ̀, ọ̀kan ká ọwọ́ lérí, àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́: "Àbẹ̀ní o! Àbẹ̀ní, o ò dáhùn!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú. Mo fi abọ́ sílẹ̀, mo lọ bá wọn. Ì bá dára ká ní mo lọ dá wọn lẹ́kun. Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ká ọwọ́, ẹ wò mí," mo sì ká ọwọ́ tèmi lérí, mo fi han wọ́n. Nígbà tí mo yíjú, Ìyá Eléwé dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá pẹ̀lú ẹrù ewé lórí. Mi ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ fọ́n ká. Ó rìn wọlé, ó sọ ẹrù kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Obì àkọ́kọ́ tó mú já sílẹ̀.

Ìyá Àgbà ti rí gbogbo rẹ̀. Ó pe Bọ̀dá Mùfú. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Orúkọ wo, Màámi?"

"Àbẹ̀ní. Èmi ni mo wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tó kú. Ta ló fi sínú fíìmù rẹ?"

Bọ̀dá Mùfú dúró lójú kan. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀, Màámi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè é. Sìdí ló ń lọ sọ̀rọ̀ sí wọn létí, mo rò pé ó ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn ni." Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Tí inú bá ń bí i, èdè Rẹ́mọ ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ùwọ, Sìdí?" Mo ń nu ọwọ́ mi sára aṣọ. Ó ní, "Mùfú, gbé èyí tí o kò tíì gé wá. A fẹ́ wò ó."

Àwa mẹ́rin la wọ pálọ̀, Ìyá Àgbà, Ìyá Eléwé, Bọ̀dá Mùfú àti èmi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mo rí ara mi tí mo ń rìn lọ bá a, tí mo bẹ̀rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, kámẹ́rà jìnnà, a kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Nínú ti ojú, ó súnmọ́, ohùn mi sì jáde ketekete: ẹ rántí bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá Eléwé bú sẹ́kún nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe ń sá kúrò, mo yíjú sí kámẹ́rà, mo na àtàǹpàkò sókè sí Bọ̀dá Mùfú, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbòòrò dé etí. Mo ti gbàgbé pé mo rẹ́rìn-ín. Ó ń sunkún lẹ́yìn mi, èmi ń rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì sì wà nínú àwòrán kan náà. Bọ̀dá Mùfú na ọwọ́ pa á.

Mo kúnlẹ̀. Ìyá Eléwé ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sì sọ ọ́, bí ẹni fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Sìdí. Nígbà tó o rẹ́rìn-ín yẹn, kí ló ń dùn mọ́ ọ?"

Mo ní, "Pé ó bọ́ sí i, mà."

"Ó bọ́ sí i," ó ní. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó sọ fún Bọ̀dá Mùfú pé kó yọ ẹkún náà kúrò. Bọ̀dá Mùfú ní, "Màámi, òun ni òpin fíìmù náà." Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́." Kò tún jiyàn. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì sínú kámẹ́rà níṣojú mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì; ó pa èyí tó ṣà jọ rẹ́ láti ibi lẹ́tà lọ, ó sì pa èyí tí kò gé rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó ṣe pa wọ́n rẹ́ ni pé ó gbé kámẹ́rà sórí àpótí, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri àgbàlá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi sílẹ̀ kó máa ya ògiri títí ó fi tán. Ọ̀gá rẹ̀ dé lọ́jọ́rú, ó wo èyí tó kù, ó ní ó dára, àmọ́ kò ní òpin. Bọ̀dá Mùfú tún bá a ṣe ọdún kan. Ọmọbìnrin Iperu kò dúró dè é. Títí tó fi fẹ́ ẹlòmíì, títí tó fi ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Bọ̀dá Mùfú kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí, òun ló sì tún kọ́ mi ní ìyókù iṣẹ́ yìí. Mo máa ń yẹra fún ojú rẹ̀ tó bá ń yìn mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí a wo kásẹ́ẹ̀tì náà, Ìyá Àgbà mú mi lọ sílé tí Ìyá Eléwé háyà kí n lọ tọrọ àforíjì. A kan ilẹ̀kùn títí. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì ló sọ fún wa pé ó ti kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Simawa ní kùtùkùtù. Ẹlòmíì ló ń gbé ewé wá láti ìgbà náà. Ìyá Àgbà ní kí n máa jókòó sí àyè Ìyá Eléwé nídìí tapólì láràárọ̀, kí n máa bó obì. Mo bó o títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn obìnrin á máa ṣe àwàdà lórí mi, wọn kò mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín bá wọn.

Ó yẹ kí n lè sọ pé mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ohun tí mo ṣe. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo ti rí òṣèré tó sunkún níwájú mi lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti gbọ́ tí olùdarí ń sọ pé kí wọ́n tún un ṣe, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ọwọ́ mi mọ ibi tí wọ́n ti ń wá omijé. Ẹ̀rù ara mi máa ń bà mí nígbà náà, mo sì máa ń jáde síta lọ dúró.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tó lọ sí Simawa. Mo ra búrẹ́dì, mo ra aṣọ kan, mo béèrè ilé títí mo fi dé ibẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ó ń ka ewé, ó ń dì wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá Eléwé, èmi Sìdí ni, ọmọ ilé Ìyá Àgbà, ní Ṣàgámù."

"Mo mọ̀ ọ́," ó ní. "O ti ga."

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti ọdún tó ti pẹ́. Mo sọ ohun tí mo ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀, mo sọ ti ẹ̀rín náà, mo sọ ti oúnjẹ tí mo jẹ. Kò dá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára ewé. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ó ti pẹ́. Ẹnu lásán kọ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé o bímọ, mo gbàdúrà fún un." Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Ó wá ní, "Nu ojú rẹ." Mo nù ún. Ó gba búrẹ́dì, ó dúpẹ́, ó da aṣọ náà padà sọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní òun kò ní ibi tí òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

"Ṣùgbọ́n má jókòó pẹ́, Sìdí," ó ní. "Mo ti dárí jì ọ́. Tí mo bá ṣáà ń wò ọ́, ẹ̀rín yẹn ni mo ń rí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo dìde. Ọlọ́kadà tó gbé mi wá ṣì ń dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ẹ bá wọn nílé?" Mo ní mo bá wọn. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́, a sì padà sí Ṣàgámù.